Búrẹ́dì Tí Wọ́n Sọ Ní Alúbáríkà

Bí ẹ bá dé Ṣàngó ní Ìlọrin níbí tí ẹ béèrè ilé Àlàájì Yísá, àwọn kan lè máa wo yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ilé Àlàájì Alúbáríkà ni ẹ ń wá, ọlọ́kadà á gbé yín débẹ̀ láìtún béèrè ọ̀nà, bóyá kó tiẹ̀ ní kí ẹ bá òun kí mi. Orúkọ búrẹ́dì tí mo ṣe ni. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Ọjà Tuntun, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Basin níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń fi mu tíì. Nígbà kan rí, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀, orí mi a wú. Nísinsìnyí, bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ṣe ni mo máa ń ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di.

Olùkọ́ kan tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn nípa iṣẹ́ ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Ó ní kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí mo ṣe là, kí ọkàn àwọn ọmọ lè balẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ dára. Iṣẹ́ ọwọ́ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń wá ìtàn olówó, ẹ ti èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtàn ẹni tí gbogbo ìlú ń yìn nítorí ohun tó ń tì í lójú ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá mi ń kọ́ ọmọ ní kéwú nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa, lẹ́yìn Ọjà Tuntun. Ó fẹ́ kí n di àáfà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé wàláà, pátákó kéwú, lé ẹsẹ̀, ojú ọ̀nà ni ojú mi máa ń wà. Nígbà tó rẹ bàbá mi, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àlàájì Sáńní, tó ń ṣe búrẹ́dì ní àdúgbò wa. Ilẹ̀ Haúsá ni àwọn baba ńlá Àlàájì ti wá, ṣùgbọ́n bó bá ń fi Yorùbá bú ènìyàn, ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú èdè náà, ẹ ó wá ibi fara pamọ́ sí.

Bàbá mi ní, "Àlàájì, mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ má wo ojú mi."

Àlàájì ní, "N ò ní wò ó." Kò sì wò ó lóòótọ́.

Ó pẹ́ gan-an kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹ̀fun. Agolo ni mo ń fọ̀. Mo ń fọ agolo, mo ń la igi, mo ń gbá eérú inú ààrò. Bí Àlàájì bá gbé agolo tí mo fọ̀, á fi ìka kan nu inú rẹ̀, á wá fi ìka náà kan aṣọ funfun tó wà lọ́rùn ara rẹ̀. Bí aṣọ bá dọ̀tí, èmi ni màá fọ aṣọ, màá sì tún gbogbo agolo fọ̀. Mo máa ń sunkún. Bí mo bá sunkún délé, bàbá mi á ní, "Ọmọ tí kò bá gba ẹ̀kọ́ ilé, ìta ni wọ́n á ti kọ́ ọ wálé." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ilé àti ìta ti di ọ̀kan náà fún mi.

Ní ọjọ́ tó wá jẹ́ kí n po ìyẹ̀fun, àlùwàlá ló kọ́kọ́ ní kí n ṣe. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àlùwàlá níbẹ̀ kí ó tó ki ọwọ́ bọ ọpọ́n. Ọpọ́n igi ńlá kan ni, bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún un, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti kọjá lára rẹ̀. A ó pò ó títí apá á fi máa gbọ̀n. Ààrò wa, amọ̀ ni, kò sí ohun tí ń sọ bó ṣe gbóná tó. Àlàájì á fọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sí ilẹ̀ ààrò, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà. Bí ìyẹ̀fun bá dúdú kí ó tó kà á parí, ààrò ti gbóná jù. Bí ó bá kà á tán tí ìyẹ̀fun ṣì funfun, ẹ kó igi sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ́n ní ìgbà tí a ń ṣe àmín, ẹ kó búrẹ́dì wọlé. Èmi tí kéwú kò wọ̀ lórí, ìdí ààrò ni mo ti mọ Fátíhà kà bó ṣe tọ́, nítorí ẹni tó bá kánjú kà á, búrẹ́dì rẹ̀ á jóná.

Ohun kan wà tó máa ń tẹnu mọ́. Súgà tí a ń fi sí ìyẹ̀fun kò pọ̀. Àwo kékeré kan ni, a ó sì fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Mo béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a kò fi kún un, ṣebí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn adùn.

Àlàájì ní, "Yísá, súgà kì í ṣe ti ẹnu. Yíìsì ló ni ín, kó lè rí nǹkan jẹ kó sì wú. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì, àlìkámà la tà fún un. Bí o bá fi oúnjẹ yíìsì bọ́ ènìyàn, kí lo wá sọ ènìyàn dà?"

A rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Bí Ràmàdáánì bá dé, òfin mìíràn tún wà. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tọ́ ìyẹ̀fun wò. Àáfà mọ́ṣáláṣí wa ti sọ fún un pé ẹni tó ń se oúnjẹ lè fi ṣónṣó ahọ́n kàn án, kó sì tu ú dànù, pé ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Àlàájì kò gbà. Ó ní, "Ahọ́n tó ń gbààwẹ̀ kì í jẹ́rìí." Nítorí náà Màmá Rúùtù ló ń bá wa tọ́ ọ wò. Ìyá kan láti Òmù-Àrán ni, Kìrìsìtẹ́nì, òun ló ń fi òróró pa inú agolo. Bí a bá po ìyẹ̀fun tán, á fi ìka mú díẹ̀ sẹ́nu, á dijú, á ní, "Ó dáa," tàbí, "Iyọ̀ dà?" Àwọn ará àdúgbò a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahọ́n Kìrìsìtẹ́nì ni ìlú Ìlọrin fi ń ṣínu.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti di àgbà láàárín àwọn ọmọ-iṣẹ́. Inú Ràmàdáánì ni. Wọ́n ti wá pe Màmá Rúùtù sílé pé ọmọ rẹ̀ ń rọbí. Àlàájì wà níbi tàfúsírì, níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ Kùránì. Oòrùn ń mú, ààrò ń gbóná, ọ̀fun mi gbẹ. Mo da ìyẹ̀fun sínú ọpọ́n, mo ń bu nǹkan sí i, ládàánì bá pe ìrun Àlàásárì. Mo jáde, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun. Nígbà tí mo padà, mo dúró ti ọpọ́n, n kò rántí mọ́. Ṣé mo ti bu súgà ni àbí n kò tí ì bù ú?

Mo tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun. Súgà tó bá ti wọ inú rẹ̀, ojú kò lè rí i mọ́. Ohun tí ahọ́n ìbá sọ fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi wà létí mi. Mo bá ń bá ara mi rò ó. Bí n kò bá fi súgà sí i, yíìsì kò ní jí, búrẹ́dì á le, àwọn ènìyàn á sì ṣínu pẹ̀lú ìbínú. Bí mo bá sì fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ló máa ṣe? Ta ni adùn ti pa rí? Mo bu àwo mìíràn. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, n kò nu orí rẹ̀, mo jẹ́ kó rí gẹgẹrẹ.

Nígbà tí búrẹ́dì wà nínú ààrò ni mo ti mọ̀. Ó tètè pọ́n, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni tó fi òróró para. Ṣùgbọ́n Màgàríbì ti ń sún mọ́, àwọn tó ń tà á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Mo kó o fún wọn.

Ní mọ́ṣáláṣí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìrun àṣámù lálẹ́ ọjọ́ náà, Àáfà dìde. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo wa ṣe àdúà fún Àlàájì Sáńní, pé búrẹ́dì tí òun fi ṣínu lónìí, láti ìgbà tí òun ti ń jẹ búrẹ́dì òun kò jẹ irú rẹ̀ rí. Ó ní alúbáríkà oṣù Ràmàdáánì ló wọ inú rẹ̀. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe àmín. Mo wà lẹ́yìn níbẹ̀, èmi náà ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀, Àlàájì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti jẹ nínú rẹ̀ nílé.

"Ta ló po ìyẹ̀fun àná?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo fi sí i?"

Mo sọ fún un bó ṣe rí. Mo ti ń retí ìfọ́tí, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Kò burú. Ènìyàn tó ń gbààwẹ̀ lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi orúkọ Ọlọ́run pe àṣìṣe rẹ. Lọ bá Àáfà, kí o sọ fún un pé súgà ni."

Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kò jìn sí wa. Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń kí mi. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó fi pa ojú ara rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tó po alúbáríkà rè é." Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àáfà nígbà tí mo dé. Bàbá tí mo já kulẹ̀ nídìí kéwú, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń fi mí han àwọn tó wà níbẹ̀. Àáfà ní, "Ọmọ wa, kí lo wá sọ?"

Mo ní, "Àlàájì ní kí n kí yín, sà."

Nígbà tí mo padà, ọ̀gá mi bi mí pé, "Ṣé o bá a?"

"Mo bá a, Bàbá."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí Ọlọ́run túbọ̀ fi alúbáríkà sí i."

Ó padà sídìí ààrò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a ṣe búrẹ́dì bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Màmá Rúùtù tọ́ ọ wò, ó ní ó dáa. Àwọn ènìyàn rà á, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì wá bá wa pé kí la ṣe sí alúbáríkà. Àlàájì fi wọ́n rẹ́rìn-ín, kò yí ohunkóhun padà. Àwọn oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fajúro.

Èmi ni mo yí i padà. Nígbà tí mo gba òmìnira, tí ọ̀gá mi ti gbàdúà fún mi, mo wá sí Ṣàngó, mo mọ ààrò tèmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti bu àwo méjì. Mo ní kí wọ́n tẹ Alúbáríkà sára ọ̀rá tí a ń fi wé e. Ẹ̀yin ọmọ, n kò ní fa ọ̀rọ̀ owó gùn fún yín. Ó wọlé, ó tó, ó ṣẹ́kù. Mo lọ sí Mẹ́kà. Mo fẹ́ ìyàwó. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun dé, apá wa sinmi. Ààrò tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì dé, aago kan wà lójú rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe gbóná tó, kò sí ẹni tó tún ka Fátíhà sí i mọ́. Àlùwàlá náà, ta ló ń ṣe àlùwàlá fún ẹ̀rọ? Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan wá láti Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi ni mo máa pè é. Iléeṣẹ́ tó ń ta súgà àti àwọn nǹkan búrẹ́dì ló rán an. Ọmọlúàbí ni, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí ó tó jókòó. Ó kó gbogbo àwa oníbúrẹ́dì jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ó fún wa ní ìrẹsì àti adìyẹ, ó kọ́ wa pé súgà ń jẹ́ kí búrẹ́dì rọ̀, pé kì í jẹ́ kó tètè gbẹ, pé ó ń fún un ní àwọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ó fún wa ní àtíkè kan tó ń rùn bíi mílíìkì, kò sì sí mílíìkì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé mi wá sílé.

Ó ní, "Àlàájì, a kì í bí ohun tí ẹnu fẹ́ mọ́ ẹnu. Wọ́n ń kọ́ ọ ni. Ẹ bá mi kọ́ ẹnu ọmọdé, ẹ ò ní wá oníbàárà mọ́ láyé yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo rò ó pé ọlọ́gbọ́n ni. Láti ọjọ́ náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, iléeṣẹ́ wọn á gbé súgà sílẹ̀, èmi á gbé ìyẹ̀fun sílẹ̀, a ó ṣe búrẹ́dì kéékèèké, a ó pín in fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo pín in ní ilé-kéwú pẹ̀lú, mo gbé e lọ síbi wólímọ̀ àwọn ọmọ kéwú, mo ní sàráà ni. Àwọn àáfà gbàdúà fún mi títí. Mo ń wo àwọn ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń lá ìka. Àwọn ìyá wọn wá ń sọ fún mi pé ọmọ kò jẹ ẹ̀kọ mọ́ láìsí súgà, kò jẹ wàrà mọ́ bí wọn kò bá rẹ ẹ́ sínú nǹkan dídùn. Wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín ni. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn oníbúrẹ́dì tó kù kò fẹ́ kí ebi pa wọ́n. Wọ́n bu àwo méjì, èmi bu mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni a ń bá a lọ, títí tí kò fi sí búrẹ́dì kan ní ìgboro tí kò dùn. Àfi ti ọ̀gá mi nìkan. Àwọn àgbàlagbà ló ń rà á, àwọn náà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó pa ààrò rẹ̀. Kò wá bá mi jà. Ó kàn fi ọpọ́n igi rẹ̀ rán ènìyàn sí mi, kò fi ọ̀rọ̀ kankan rán an. Mo gbé e sí ẹ̀yìn ilé, mo da nǹkan bò ó.

Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, ìkorò ló gbẹ̀yìn búrẹ́dì tèmi. Sàfúrátù, ọmọ Àlàájì Sáńní tó ń tọ́jú rẹ̀, ló pè mí lórí fóònù lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ní ìtọ̀ súgà ti ń bá bàbá fà á, pé egbò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò fẹ́ jiná, pé kí n jọ̀wọ́ bá wọn wa ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Mo lọ. A jókòó láàárín àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì kan dìde láti bá wa sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, ó na ọ̀rá búrẹ́dì kan sókè. Mo rí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ kí n tó rí orúkọ búrẹ́dì mi níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ ní ẹ kì í jẹ súgà. Ẹ kì í fi sí tíì, ẹ kì í fi sí kókó. Kí ni èyí? Súgà tó wà nínú èyí ju èyí tí ẹ sá fún lọ. Ẹ lọ máa wá búrẹ́dì àlìkámà tí kò ní súgà, ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Ìyá kan ní, "Níbo la ó ti rí i, ọmọ mi? Kò sí i ní Ìlọrin."

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti dá mi mọ̀. Ó ní, "Ṣebí Àlàájì Alúbáríkà fúnra wọn ló jókòó yìí!" Mo rò pé ilẹ̀ á lanu gbé mi mì. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n kí mi. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú báńdéèjì kí mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi ní ẹ̀mí gígùn, pé búrẹ́dì mi ni àwọn fi tọ́ ọmọ. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Nọ́ọ̀sì náà tẹrí ba, ó ká ọ̀rá náà sẹ́yìn bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Ọ̀gá mi gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó fi í síbẹ̀ títí wọ́n fi pè wá.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Sàfúrátù wà lẹ́yìn, ó ti sùn lọ.

"Yísá."

"Bàbá."

"Lọ́jọ́ Ràmàdáánì yẹn, ṣé o sọ fún Àáfà?"

Mo ní, "N ò sọ, Bàbá."

"Mo mọ̀. Àáfà fúnra rẹ̀ ló kí mi lọ́jọ́ kejì pé ọmọ mi wá jíṣẹ́ ìkíni. Mo ń retí kí o sọ ọ́ fún mi ni." Ó wo ojú fèrèsé. "Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n gbé ẹsẹ̀ mi lọ. Ṣé ọwọ́ rẹ ṣì mọ búrẹ́dì mi?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ṣe é wá fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa jẹ díẹ̀. Ó wù mí kí n tún jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ìgbà tí mo gba òmìnira. Ṣáájú ìgbà náà, mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún búrẹ́dì ṣe fún gbogbo ìlú, kò ṣeé ṣe. Mo ti sọ fún Ìdírísù ọmọ mi pé kó dín súgà kù. Ó gbọ́ràn, ó dín in kù, wọ́n sì dá búrẹ́dì padà fún un láti gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ìlú. Èmi ò lágbára láti kọ́ wọn ní òmíràn." Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi yìí, ẹnìkan ṣoṣo tí kò gba adùn mi láyè, mo lè san tirẹ̀ fún un. Bí mo bá lè fi búrẹ́dì rẹ̀ padà sẹ́nu rẹ̀, mo rò pé ìtìjú yìí á fúyẹ́ díẹ̀ lára mi.

Mo gbé ọpọ́n jáde lẹ́yìn ilé, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, mo ṣe àlùwàlá, mo fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun, bí apá mi tilẹ̀ ń dùn mí. Ààrò amọ̀ tí mo kọ́kọ́ mọ sí Ṣàngó ṣì wà, adìyẹ ló ń sùn nínú rẹ̀. Mo lé wọn jáde, mo dáná sí i, mo fọ́n ìyẹ̀fun, mo ka Fátíhà. Ó pọ́n nígbà àmín. Mo nu orí àwo súgà kó tẹ́jú, fún yíìsì nìkan. Búrẹ́dì náà jáde, àwọ̀ rẹ̀ kò dán, ó rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ elégbò rẹ̀ síwájú. Sàfúrátù gé e, ó bù díẹ̀ fún un, ó sì lọ gbé tíì wá. Àlàájì gbé búrẹ́dì náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bísímílááì." Ó bù ú sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, mo ń wo ẹnu rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wò ó nígbà tí mo jẹ́ ọmọ-iṣẹ́.

Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó wá wò mí.

"Yísá, kí lo gbàgbé?"

"Kò sí o, Bàbá. Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni."

Ó tún bù díẹ̀. Ó mi orí. Ó rọra gbé èyí tó kù padà sínú àwo. "Ó tẹ́ lẹ́nu mi. Èyí kọ́ ni búrẹ́dì mi." Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá Sàfúrátù ń bọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ọ̀gá mi tí kì í fi nǹkan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Láti ọjọ́ tí mo ti pa ààrò, kí ni mo tún rí jẹ, bí kò ṣe èyí tí gbogbo ayé ń jẹ? Tí o bá ń bọ̀ nígbà mìíràn, bá mi mú díẹ̀ wá lára tìrẹ. Má jẹ́ kí ọmọ yìí rí i."

Mo fa àwo náà sọ́dọ̀ mi, mo bu búrẹ́dì ọ̀gá mi, mo fi sẹ́nu. Mo fẹ́ jẹ́rìí fún un pé kò sí ohun tí mo gbàgbé nínú rẹ̀. Ó tẹ́ lẹ́nu èmi náà. Bí ẹni tó ń jẹ ìwé ni. Mo ń jẹ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, mo sì kọjú sí ògiri kó má bàa rí ojú mi.